Ẹni Tí Coralie Ń Pè Padà

Eṣinṣin kan kò bà lé ìyá arúgbó náà. Coralie rí i, ṣùgbọ́n kò kà á sí. Ní Alice Springs, ìlú inú aṣálẹ̀, nígbà ooru, kò sẹ́ni tí eṣinṣin kì í bà lé: wọn a máa mu omi ojú ọmọdé, wọn a máa bá òyìnbó wọ báǹkì, bí o bá sì la ẹnu láti kí ènìyàn, àfàìmọ̀ kí o má gbé ọ̀kan mì. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó yìí ti inú oòrùn ọ̀sán gangan wọlé, ó dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù àwòrán, kò sì sí ẹyọ eṣinṣin kan lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló wà. Eruku pupa bò ó dé orúnkún.

"Màmá!" Coralie fò dìde lórí àga. "Ta ló gbé yín wá? Ṣé Bàbá Wilf ni? Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́?"

"Mo rìn ni," ni ìyá wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó gbẹ. "Fún mi lómi, ọmọ mi."

Coralie bú sẹ́rìn-ín. Láti Mirrawarri, abúlé ìyá, sí Alice Springs, bí Toyota bá gbéra láàárọ̀, tí kò sì rì sínú iyanrìn, ìrọ̀lẹ́ ni yóò tó dé. Ta ni yóò fẹsẹ̀ rìn ín? Ìyá fẹ́ràn àwàdà jù. Ó bu omi fún un, ìyá gbé e mu láìmí. Ó bu òmíràn, ó tún gbé e mu. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dún bí ti màlúù tó ti inú ọ̀dá dé etí omi.

Àwọn tó múnú bí Coralie ni tọkọtaya òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Wọ́n ti dúró pẹ́ níwájú àwòrán ńlá tó wà lára ògiri, wọ́n béèrè ẹni tó kùn ún, Coralie sì fi gbogbo ẹnu pe orúkọ ìyá rẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n ṣe kọrí sẹ́nu ọ̀nà báyìí ni ìyá fúnra rẹ̀ yọ níta. Ọkùnrin náà kò di ilẹ̀kùn mú fún arúgbó. Ó jẹ́ kó padé mọ́ ọn lójú gbàgà, bí ẹni tí kò rí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́," ni Coralie ń ráhùn. "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ jẹ́ kí n po tíì."

Ìyá jókòó. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "O ti rù. Wo ẹsẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ṣé àwòrán lò ń jẹ ni?"

"Màmá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni mo kí."

Coralie ń rẹ́rìn-ín lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tó gbé tíì dé, pẹ̀lú ṣúgà rẹpẹtẹ bí ìyá ṣe ń fẹ́ ẹ, àga ti ṣófo. Ó yọjú síta. Títì dá páropáro, oòrùn ń ta yẹ́ríyẹ́rí lórí ọ̀dà ọkọ̀, kò sẹ́ni. Ó padà wọlé, ó rí omi lábẹ́ àga. Omi náà tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹ, gbogbo èyí tí ìyá mu pátá. Coralie dúró, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó mú àkísà, ó nù ún.

Ká sọ òtítọ́, kì í ṣe ìyá arúgbó yìí ló bí Coralie lọ́mọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, àbúrò ìyá ẹni, ìyá ẹni ni, a kì í pè é ní nǹkan mìíràn. Ìyá tó bí Coralie kú nígbà tí ọmọ ṣì ń rákòrò, arúgbó yìí ló sì gbé e sí ìbàdí. Ibi tó bá ti ń kùn àwòrán ni ọmọ ti ń sùn, lórí etí aṣọ kánfáàsì tó tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọmọ fi ọwọ́ tẹ inú ọ̀dà pupa, ó tún fi tẹ igun àwòrán. Wọ́n ní kí ìyá nù ún kúrò. Ó ní ta ló sọ pé ó bàjẹ́?

Nígbà tí Coralie dàgbà, ó lọ bá òyìnbó kan tí ń jẹ́ Gavin ṣiṣẹ́, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù àwòrán rẹ̀ tóbi jù ní títì ńlá. Ó gbálẹ̀ níbẹ̀, ó ká kánfáàsì níbẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń na aṣọ mọ́ igi tí kò fi ní í hunjọ, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá olówó sọ̀rọ̀ tí wọn kò fi ní í mọ̀ pé o ń wo àpò wọn. Ó tún rí bí Gavin ṣe ń fi ògbólógbòó ọkọ̀ san owó iṣẹ́ fún arúgbó tó kùn àwòrán tí òun yóò fi kọ́lé. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́, ó kúrò. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé epo, ó ní òun yóò máa ra àwòrán lọ́wọ́ àwọn ènìyàn òun bó ṣe tọ́, òun yóò sì máa tà á bó ṣe tọ́.

"Ìwọ náà fẹ́ di oníṣòwò àwòrán?" Gavin fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. "Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ á jẹ ọ́ run kó tó di ìgbà òtútù."

Ìyá ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká àwòrán tó tóbi jù nínú gbogbo èyí tó kùn láyé rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ojú omi ilẹ̀ bàbá mi nìyí. Fi bẹ̀rẹ̀," ló wí. Òkìkí àwòrán yìí ló dé etí Harriet Pell, obìnrin tó ń ra àwòrán fún mùsíọ́mù kan ní Melbourne. Ó fi fóònù sọ pé òun ń bọ̀ wá sí ọjọ́ tí Coralie yóò ṣí ìpàtẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí mùsíọ́mù bá ra àwòrán yìí, gbogbo ayé iṣẹ́ náà yóò mọ ilẹ̀kùn Coralie. Bí wọn kò bá rà á, ṣọ́ọ̀bù kò ní í pẹ́ kó tó kógbá wọlé. Coralie mọ̀ bẹ́ẹ̀, Gavin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí ìyá wá, Toyota Bàbá Wilf dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Wilf ni ẹ̀gbọ́n ìyá lọ́kùnrin, òun ni àgbà ilé. Kò wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó kẹ̀yìn sí títì, ó ń fi ìka wa eruku. Àwọn obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ ti fi ẹfun ọ̀fọ̀ kun iwájú orí. Coralie rí ẹfun yẹn. Ó wó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá.

"Ta ni?" ló béèrè, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀.

"Kumanjayi là ń pè é báyìí," ni Bàbá Wilf wí jẹ́jẹ́.

Kumanjayi ni orúkọ tí a fi ń bo orúkọ òkú. Bí ènìyàn bá ti kú, orúkọ rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. A kì í pè é, a kì í sì í fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han ojú, títí àwọn àgbà ilé yóò fi sọ pé ó tó. Ó lè jẹ́ ọdún kan. Ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún.

"Nígbà wo?"

"Ìjẹta. Ó ń kùn àwòrán lọ́wọ́. Ó ní ó rẹ òun, ó fẹ̀yìn lélẹ̀."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Àná ló wá síbí. Ó mu omi. Ó fi ẹsẹ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìka Bàbá Wilf dúró nínú eruku. "Ṣé o pè é?"

"Oníbàárà ló bi mí pé ta ló…"

"Coralie. Ṣé ẹnu tìrẹ ló pe orúkọ náà?"

"Ẹnu mi ni."

Bàbá Wilf mí kanlẹ̀. "O ti dá a padà lójú ọ̀nà nìyẹn."

Orí Coralie wú. Ìtàn àkúdàáyà kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni, ẹni tó kú síbí tó lọ ń ṣòwò níbòmíràn, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá fojú kan ojúlùmọ̀ ni yóò pòórá. Èyí yàtọ̀. Èyí kì í sá fún ojúlùmọ̀; ojúlùmọ̀ ló ń wá bọ̀.

"Yí àwòrán náà kọjú sógiri," ni Bàbá Wilf wí. "Kí o sì kó ẹnu rẹ níjàánu."

"Bàbá, obìnrin mùsíọ́mù yẹn ń bọ̀. Ẹ mọ ohun tí wíwá rẹ̀ jẹ́ fún mi."

"Mo mọ̀. Mi ò ní í dè ọ́ lókùn. Ọmọ rẹ̀ ni ọ́." Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lídìí. "Wọ ọkọ̀ ká lọ."

Coralie bá wọn lọ sí Mirrawarri. Ó bá àwọn obìnrin sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bá wọn sunkún àárọ̀, ó bá wọn sunkún alẹ́, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọ tó ṣòfò ìyá ṣe ń gé e. Lẹ́yìn náà ó padà sí ìgboro, ó yí àwòrán kọjú sógiri, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ pé ìpè ẹyọ kan ló wà láàárín òun àti ìyá òun, báwo ni yóò ṣe pa ẹnu mọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ yìí, ṣé ẹ̀yin lè pa á mọ́? Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ̀ yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Coralie ń ṣí ike ọ̀dà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn akùnwòrán ní Mirrawarri. Ó kan ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú tí ìyá fẹ́ràn. Òórùn rẹ̀ gba imú rẹ̀ kan. Ó rántí pé kò sí ẹni tí yóò fi èyí ránṣẹ́ sí mọ́. Kó tó mọ̀, orúkọ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ta ló gé irun fún ọ?" ni ìyá wí. "Ṣé eku ni?"

Coralie ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún un. Wọ́n jókòó pọ̀. Ìyá wo àwòrán tuntun tó wà lára ògiri, ó yọ ṣùtì sí ọ̀kan. "Ta ló kùn ìyẹn? Ó ń kánjú. Ó dà bí ẹni tó ń sáré lọ sí ìgbọ̀nsẹ̀. Sọ fún un kó fara balẹ̀." Nígbà tó yá, Coralie gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Itan ìyá tutù bí iyanrìn àárọ̀ ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbé lé e lórí, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni, pẹ̀lú ọ̀dà tó gbẹ sábẹ́ èékánná. Coralie di ojú. Nígbà tó la ojú, orí àga lásán lorí rẹ̀ wà, omi sì ti tẹ́ sílẹ̀.

Ó di àṣà. Bí ọ̀sán bá ti gun orí, tí àwọn oníbàárà bá ti lọ wá oúnjẹ, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò pe orúkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ tó sùn. Ìyá a sì dé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ta ló ń pa lára? Ìyá òun ni, kì í ṣe ìyá ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìyá ń yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ la. Lẹ́yìn náà ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kì í sì í ta sí ilẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ń ṣì, ó ń di eérú. Àwàdà dín kù lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi tán. Ó wá di ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ lé ògiri kó tó lè dé ìdí àga, kò sì lè gbé ife. Coralie gbé e sí i lẹ́nu. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń kán sílẹ̀ lábẹ́ àga bó ṣe ń mu ún.

"Màmá, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Ọ̀nà ni. Ọ̀nà jìn."

"Ọ̀nà ibo?"

"Ojú omi bàbá mi." Ìyá gbé ojú sí ẹ̀yìn àwòrán tó kọjú sógiri. "Omi tí ò ń fún mi yìí kì í dúró nínú mi. Ìwọ náà mọ̀, ìwọ lò ń nù ún. Ti ibẹ̀ yẹn nìkan ló lè pa òùngbẹ yìí. Mo ti débẹ̀ tán. Mo rí igi etí rẹ̀, mo gbọ́ ẹyẹ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí n máa fọwọ́ wa iyanrìn kí omi lè yọ, ni mo gbọ́ ohùn rẹ. Mo bá yí padà. Ọjọ́ kejì mo tún débẹ̀, mo tún gbọ́ ọ."

"Kí ẹ má dáhùn, Màmá! Kí ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Ìyá wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. "Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá ké, ìgbà wo ni mi ò dìde? Ọwọ́ mi lè kún fún ọ̀dà, oorun lè máa kùn mí, màá dìde. Ara mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ ọ́. Má ní kí n kọ́ ọ nísinsìnyí tí mo ti kú."

"Gavin ń pè yín fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Gbogbo òyìnbó tó ní àwòrán yín nílé ló ń pè yín."

"Afẹ́fẹ́ ni tiwọn. Ìwọ nìkan ni mò ń gbọ́." Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n wá sórí irun Coralie tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó ń pa á jẹ́jẹ́. "Tó bá jẹ́ pé o ṣì fẹ́ mi, máa pè mí. Màá máa bọ̀, ọmọ mi. Mi ò bínú."

Coralie fẹ́ sọ pé òun kò ní í pè é mọ́. Kò lè sọ ọ́. Ìyá lọ, kò sì tíì sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, ó yí àwòrán ńlá náà kọjú síta. Ẹ má bá mi bú u. Ó gbálẹ̀, ó to ife, ó wọ aṣọ tó dára, kò sì mọ ohun tí òun yóò ṣe. Nígbà tí ilé kún, tí àwọn ènìyàn rí àwòrán náà, gbogbo ẹnu pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀ pupa, ó funfun, ó ń yí ká, ó ń yí ká, gbogbo rẹ̀ ń lọ sí ojú kan ní àárín. Harriet Pell bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Gavin náà wà níbẹ̀, ó mú ife wáìnì dání, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"A ó rà á," ni Harriet wí. Omi lé sójú rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. "Ohun kan ló kù. Mùsíọ́mù kò lè gbà á wọlé láìsí ohùn ẹbí. Dúró síbí, Coralie, kí wọ́n gba ohùn rẹ sílẹ̀. Sọ orúkọ ẹni tó kùn ún fún wa, àti ohun tí o jẹ́ sí i."

Gbogbo ilé kọjú sí i. Coralie dúró níwájú àwòrán. Ó la ẹnu. Ohun méjèèjì tó ń fẹ́ láyé ló wà nínú orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Bó bá pè é, iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró. Bó bá pè é, ìyá yóò tún gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé wá, yóò fọwọ́ lé e lórí. Ó fẹ́ ẹ débi pé eyín rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rò ó: níbo ni ìyá wà báyìí? Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó ti pè é kẹ́yìn. Bóyá ó ti kúnlẹ̀. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú iyanrìn dé ọrùn ọwọ́, ìyẹn ibi tí ilẹ̀ ti ń tutù.

Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ojú ló ń tì í," ni Gavin wí, ó sì pe orúkọ náà fúnra rẹ̀, ketekete, bí ẹni ń pe orúkọ ọtí nínú ilé ọtí.

Ilẹ̀kùn mì. Ọkàn Coralie fò sókè. Ooru títì rọ́ wọlé, pẹ̀lú eruku díẹ̀, ìwé kan sì fẹ́ kúrò lórí tábìlì. Kò sí ẹni tó wọlé.

"Ṣé òun kọ́ ni?" ni Gavin wí. "Wí i tẹ̀ lé mi ká lọ mu wáìnì."

"Kumanjayi ni," ni Coralie wí. "Ìyá mi ni. Ó ń relé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró." Ó sì di igi àwòrán náà mú níṣojú gbogbo wọn, ó yí i kọjú sógiri.

Harriet bẹ̀ ẹ́, ó fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Lọ́wọ́ Gavin ni mùsíọ́mù ti ra àwòrán lọ́dún yẹn. Kí òtútù tó mú dáadáa, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé epo ti di ibi tí wọ́n ń ta fóònù. Gavin sọ ọ́ fún gbogbo ìgboro pé òun ti wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn Toyota ni Coralie wá ń fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbé ọ̀dà lọ, ó ń gbé àwòrán bọ̀, ó ń sùn sínú ọkọ̀, ó ń jẹ ẹran inú agolo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti rìn ṣáájú ọkọ̀ rẹ̀. Ibi tó bá dé, àwọn ìyá arúgbó a ti máa dúró dè é lábẹ́ igi pẹ̀lú kánfáàsì tí wọ́n ká. Wọ́n ní ẹni tó lè pa ẹnu mọ́ nítorí òkú, kò ní í fi ẹnu ta alààyè. Báyìí ló ṣe di oníṣòwò àwòrán tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn, ọdún tẹ̀ lé ọdún. Mùsíọ́mù tí kò mọ̀ ọ́n ti ń wá a kiri.

Lójoojúmọ́, lọ́sàn-án gangan, orúkọ náà ń wá sí i lẹ́nu. Ó ń gé ètè jẹ. Ọdún kò mú kó rọrùn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àárò ìyá ń gbó bí aṣọ, kò sọ òótọ́ fún yín. Kò pè é.

Ní ọdún kan tí òjò rọ̀ dáadáa, tí koríko yọ òdòdó káàkiri aṣálẹ̀, Bàbá Wilf ránṣẹ́ sí i. Bàbá ti di arúgbó gan-an, igi ló fi ń rìn. "Àwa àgbà ti sọ ọ́," ló wí. "Ó tó. Gbé àwòrán náà jáde."

Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ ibòji ní Mirrawarri. Gbogbo ìlú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Harriet Pell wá láti Melbourne, irun rẹ̀ ti funfun, ó jókòó sínú eruku pẹ̀lú wọn.

"Ìwọ ni kí o pè é," ni Bàbá Wilf wí fún Coralie.

Coralie bẹ̀rẹ̀ sí etí bàbá. "Bàbá, bó bá wá ńkọ́?"

"Bó bá wá, a jẹ́ pé kò tíì débẹ̀. A ó tún pa ẹnu mọ́ nìyẹn."

Coralie dìde. "Ẹni tó kùn àwòrán yìí," ló wí, "Elfrida Napurrurla ni. Èmi ni ọmọ rẹ̀."

Gbogbo ènìyàn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, níhà tí ojú omi náà wà. Ajá kan yún ara. Eṣinṣin ń kùn. Iyanrìn tẹ́ rẹrẹ lọ, kò sí ohun tó ń rìn lórí rẹ̀.

"Tún un pè," ni Bàbá Wilf wí. "Jẹ́ kó dún."

Coralie kó ọwọ́ bo ẹnu, ó sì pè é bó ṣe ń pè é nígbà tó wà ní kékeré, tí ebi bá ń pa á, tí ìyá bá lọ wá igi. Ohùn rẹ̀ lọ jìnnà. Wọ́n dúró. Kò sí ẹni tó dáhùn. Kò sí ẹni tó yọ.

Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ mí jáde. Òmíràn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. "Ó ti débẹ̀!" ni wọ́n ń wí. "Ó ti débẹ̀!" Coralie nìkan ló ṣì dúró. Ó ń wo ọ̀nà iyanrìn yẹn, kò ṣẹ́jú, títí ojú rẹ̀ fi kún. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún irú èyí tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Bàbá Wilf sún mọ́ ọn. "Ṣé o fẹ́ kó wá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá Wilf gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Èmi náà," ló wí.